Ohùn Baba Lójú Kọ̀ǹpútà

Àtìní, 18 Máàsì 2019

Dókítà ti dá ọjọ́: Àlàmísì, 25 Épírì. Ó ní wọn yóò yọ kókó ọ̀fun Baba pẹ̀lú àpótí ohùn lápapọ̀, pé tí a bá jẹ́ kó kọjá oṣù yẹn, ọ̀rọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo bi í bóyá ohùn á padà. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, kò wojú mi. Ó ní, "Madame, bàbá yín á máa mí, á sì máa jẹun." Baba ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fóun. Mo túmọ̀, mo fo ibì kan. Baba rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún mẹ́tàlélógójì lòun ti lò ní Niamey, òun gbọ́ Faransé tó láti mọ ibi tí mo fò.

A wọ takisí padà sí ilé wa ní Boukoki. Awakọ̀ wò wá nínú dígí, ó ní, "Kala suuru." Àfi sùúrù náà. Níbo ni wọ́n ti ń tà á, kí n lọ rà á?

Àtàláátà, 19 Máàsì

Ìwé wákà Baba kò jẹ́ kí n sinmi. Wákà mọ́kànlélógójì, òun ló kọ gbogbo rẹ̀: ti òkú, ti ọmọ tuntun, ti àwọn ará Ìlọrin tó kú sójú ọ̀nà Gáyà tí a ò rí sàréè wọn. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ Yorùbá, kò sì fi àmì kankan sórí àti sábẹ́ lẹ́tà, nítorí ara rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún. Mo gbìyànjú ìlà kan láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ nǹkan mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè kà á àfi Baba. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè fi àmì sí i mọ́, ojú rẹ̀ kò sì gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Tí ohùn rẹ̀ bá lọ, ìwé náà á di bébà tí a fi ń wé ẹ̀pà.

Lùkúmàn ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìlọrin. Ó ní kí n fi fóònù gba ohùn Baba sílẹ̀, ó parí. Mo ní ohùn nìkan kò tó, èèyàn gbọ́dọ̀ máa rí ewé ìwé, kó máa rí ọ̀rọ̀ tí Baba kà dé, kó sì máa gbọ́ ọ bó ti ń pè é. Ìyẹn ló fi lè kọ́ ọ. Ó ní, "Ràódá, o tún ti bẹ̀rẹ̀ àṣejù kọ̀ǹpútà rẹ." Ó wà lábẹ́ fáànù ní Ìlọrin, kí ló kàn án?

Àlàmísì, 21 Máàsì

Mo ti gbé kọ̀ǹpútà kan wálé láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Kalley. Àwọn oníbàárà fẹ́ kí n máa tẹ ìwé, kí n máa ṣe fọ́tòkópì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ báyìí, wọ́n á sì dúró.

Mo fi fóònù ya gbogbo ewé ìwé náà, mo kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Mo wá sọ ìlà méjì-méjì di ńlá, mo ń tẹ bọ́tìnì tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ìlà méjì, àwòrán kan. Ẹ̀tàdínnígba ni mo yà láti àná. Ìka mi ti ń ro mí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí ẹní kí ó lè bá Baba dọ́gba níbi tó jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀. Ó rí Bísímílà tó wà lókè ewé, ó ní, "Ràódátù, ilẹ̀ lo gbé e sí?" Mo sáré gbé e sórí àpótí aṣọ. Ó sún mọ́ ọn. Ó wo àwòrán àkọ́kọ́ pẹ́. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tóun ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara òun kẹ́yìn. Mo lọ sí ìdí kòtò omi, mo sunkún díẹ̀, mo padà wá.

Jímọ̀, 22 Máàsì

Mo bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan tó ń gba ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ sílẹ̀ bíi fídíò. Baba ka wákà kìíní, mo ń fi ọfà máòsì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí fídíò náà wò, ọfà ń rìn lórí ewé, kò sí ohùn. Odi ni fídíò náà. Ogún ìṣẹ́jú ohùn Baba ti lọ sáfẹ́fẹ́.

Sátidé, 23 Máàsì

Mo lọ bá Ògúntádé ní àdúgbò Dar es Salam níhìn-ín, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń tún kọ̀ǹpútà báǹkì ṣe. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ yẹn kì í gba ohùn èèyàn àyàfi tí ẹ bá ní kó gbà á. Ẹ wò ó, ẹ tan máìkì níbí." Ó kọ́ mi: kí n ṣí ewé, kí n tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀ kó bẹ̀rẹ̀, tí a bá parí pátápátá, kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó dúró. Ó ní, "Láàárín méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn." Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ọmọ iléèwé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kí Baba.

Àláàdì, 24 Máàsì

Al-hamdulilahi! Ohùn wà, ewé wà, ọfà wà. Lẹ́yìn ìrun àsùbá la ń ṣe é, kí ọ̀pọ̀ alùpùpù tó dé títì. Mo pa fáànù nítorí ariwo rẹ̀. Àpótí kékeré kan ń ka ìṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà, ó sì lọ dúró gan-an lórí Bísímílà. Mo fi í pamọ́. Baba wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo pa ewé dé, mo fún un lómi, mo ṣí i, a tẹ̀ síwájú. Wákà kìíní àti ìkejì parí.

Ooru lónìí, mẹ́tàlélógójì. Yìnyín ti di igba sẹ́ẹ́fà.

Àlàrùbá, 27 Máàsì

Wákà mẹ́fà. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọ inú ìkẹta. Ó wà níbẹ̀ títí láé.

Àtìní, 1 Épírì

Mo ń ṣí fídíò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá parí, mo ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ohùn ń wà. Lójoojúmọ́ ni mo tún ń rí fáìlì kékeré kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ìdọ̀tí ni, mo ń pa á rẹ́.

Ohùn Baba ti ń ha. Àǹtí Àsíátù, àbúrò Baba tó ń se oúnjẹ rẹ̀, ní kí n jẹ́ kó sinmi lónìí. Mo bínú sí i. Mo ní ìsinmi ń bọ̀ lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Mo ti tọrọ àforíjìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi.

Jímọ̀, 5 Épírì

Iná lọ láago mẹ́fà àárọ̀, kò dé títí di ọ̀sán. Bátìrì mú wákà kan. Wákà yìí ni ti àwọn tó ń ta aṣọ kiri:

Ẹni tó sùn ní Gáyà, tó jí ní Dọ́sò,
Ẹ má bi í níbo ló kọ́lé sí;
Ọ̀nà ló bí i, ọ̀nà ló tọ́ ọ,
Ọ̀nà náà ló sì wá gbà á lálejò.

Baba ní ọkùnrin tóun kọ ọ́ fún jẹ òun ní àgbàdo sísun kan títí dòní. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí áńkáṣífù. Mo pa ewé dé. A tún ṣí i. Òun ló ní ká ṣí i.

Àtàláátà, 9 Épírì

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ti ń gbọ́ wákà wọ̀nyí lójú oorun. Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ obìnrin kan ní Faransé, ẹnu mi ń ka wákà ìkejìdínlógún. Ó bi mí bóyá àdúrà ni mo ń ṣe sí ìwé òun.

Sátidé, 13 Épírì

Inú mi dùn láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú mi dùn láàárọ̀ yìí, nítorí kò pẹ́.

A ti ka ogójì. Ó ku ẹyọ kan. Lùkúmàn wá pè, ó ní Alhaji Sùlù ọ̀rẹ́ Baba ti kú ní Ìlọrin, ọ̀la ni àdúrà fídáù, kí n fi wákà tí Baba kọ fún bàbá Sùlù ránṣẹ́, ìkẹrìnlá, kí wọ́n gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo ṣí i, mo ní kí n gbọ́ ọ dópin kí n tó fi í ránṣẹ́. Baba ka ìlà mẹ́jọ. Ó wúkọ́. Fídíò parí.

Mo rò pé fáìlì yẹn nìkan ni. Mo ṣí ìkarùndínlógún: ó parí síbi ikọ́. Ìkejìlélógún: ibi ikọ́. Gbogbo èyí tí mo ṣí. Mo pe Ògúntádé lórí fóònù.

Àláàdì, 14 Épírì

Ògúntádé wá sílé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe kóun rí i. Mo ṣí ewé, mo tẹ bọ́tìnì mẹ́ta, mo ṣe bíi pé Baba wúkọ́, mo pa ewé dé. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi pa á?"

Kí ló dé? N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń pa á. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa nílé kéú Baba pé ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run lórí kì í ṣí sílẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kà á. Tí èèyàn bá fẹ́ mu omi, á pa á dé. Tí ó bá fẹ́ wúkọ́, á pa á dé. Ṣàìtánì á jókòó tì í bí a bá ṣí i kalẹ̀, Baba sì máa ń nà wá lẹ́gba lórí ìyẹn. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é.

Ògúntádé ní ewé nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń gbà sílẹ̀. Tí mo bá ti pa ewé, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Mo wá ń ṣí ewé padà, mo ń rò pé ó ń gbà á. N kò rí àpótí tó ń ka ìṣẹ́jú, èmi fúnra mi ni mo fi í pamọ́. Ní òpin, tí mo bá tẹ bọ́tìnì kó dúró, ìgbà yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀, títí mo fi pa ewé dé. Àwọn fáìlì kéékèèké tí mo ń pè ní ìdọ̀tí, wọ́n ń kìlọ̀ fún mi lójoojúmọ́.

Wákà méjìdínlógún ló pé, àwọn tí Baba kò wúkọ́ nínú wọn. Méjìlélógún ló já sí méjì. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá, ohùn Baba kò sì ju afẹ́fẹ́ lọ mọ́. Fóònù wà lápò mi ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn! Èmi tí mo mọ̀wé ju Lùkúmàn lọ.

Àtìní, 15 Épírì

N kò tíì sọ fún Baba. Mo parọ́ pé kọ̀ǹpútà gbóná jù, kó sinmi. Àlùbọ́sà ti gbówó. Ẹ̀fọ́rí. Mo gbọ́ tó ń ṣàdúrà fún mi ní yàrá kejì, ohùn rẹ̀ ń sé, ó ń pe orúkọ mi.

Àtàláátà, 16 Épírì

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á dákẹ́ bó ti máa ń dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Ó ní kí n sún mọ́ òun, nítorí ohùn kò jìnnà mọ́.

Ó ní, "O pa ìwé dé?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, Baba."

Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ta ni ká wá nà báyìí?"

Mo bú sẹ́kún, òun ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà wàásù Ramadan ní Ìlọrin, ṣé olórí álúfà ló ń pariwo? Ajánásì ló ń ké e jáde fún ìjọ. Wá jókòó síbí. Máa ké e."

Báyìí ló ṣe rí: ó ń sọ ìlà kan sí mi létí, afẹ́fẹ́ lásán, mo sì ń ké e jáde sínú máìkì, ọfà ń tẹ̀lé e. Bí ikọ́ bá dé, mo ń di ọwọ́ òsì mi mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ewé wà ní ṣíṣí, Baba sì ń gbójú sí i lórí títí ikọ́ á fi tán, kí a má lè sọ pé kò sẹ́ni tó ń kà á. A parí wákà méjì. Mo gbọ́ wọn dópin lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàmísì, 18 Épírì

Lùkúmàn ti gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn tuntun, mo fi í ránṣẹ́ sí i. Ó bínú. "Ohùn obìnrin nínú ìwé Baba? Kí ni kí n sọ fún àwọn álúfà tó bá bi mí?" Mo ní ta ló ń ké wákà ní Ìlọrin bí kò ṣe obìnrin? Ó ní ti ìyàwó nìyẹn, èyí ìwé ni. Ó ní òun ni àkọ́bí, òun sì ni igbákejì lémọ́mù. Mo gbé fóònù sí Baba létí kó dá a lóhùn. Baba ní kí n bá òun bi í bóyá ó lè fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́la pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀. Mo bi í bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó pa fóònù.

Inú mi kò dùn sí i. Ohun tó sọ wọ̀ mí lára. Tí wọn kò bá gbọ́ ọ nítorí èmi ńkọ́?

Àláàdì, 21 Épírì

Mẹ́rìnlá nínú méjìlélógún. Ooru márùndínláàádọ́ta, fáànù ní pípa. Àǹtí Àsíátù ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Baba láti ẹ̀yìn, ó ní tí máìkì bá gbọ́ abẹ̀bẹ̀, kó gbọ́.

Àlàrùbá, 24 Épírì

Méjìlélógún pé láago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìkọkànlélógójì, èyí tí a kò tíì kà rí rárá. Baba tún ara rẹ̀ ṣe, ó gbé ètè sí mi létí. Iná lọ. Bátìrì ti kú tipẹ́. A dúró títí di agogo méjì ọ̀sán, ìgbà tí wọ́n ní ká wá wọ ilé ìwòsàn. Iná kò dé.

Ní takisí, mo ní kó sọ ọ́ sínú fóònù mi. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan tó jáde, kódà afẹ́fẹ́. Ó fọwọ́ tọ́ mi lórúnkún.

Àlàmísì, 25 Épírì

Wákàtí mẹ́fà. Ó jáde. Ó ń mí.

Jímọ̀, 26 Épírì

Ihò wà lọ́rùn rẹ̀, ibẹ̀ ni èémí rẹ̀ ń gbà. Ó rí mi, ètè rẹ̀ mì. Mo ń dúró de ohùn. Mo mọ̀ pé kò sí, mo ṣì ń dúró dè é.

Àtìní, 13 Mèé

Baba ti wálé láti àná. Ààwẹ̀ ọjọ́ kẹjọ. Dókítà kò jẹ́ kó gbà á, ó ń wò wá bí ẹni tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Lọ́sàn-án, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìka hàn mí pé kí n ṣí ìkọkànlélógójì. Mo ní, "Baba, ta ni á kà á?" Ó ń wò mí ṣá.

Mo kà á. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo gbà á. Ìkejì, mo gbà á. Mo ti gbọ́ ogójì wákà, mo ti mọ bí Baba ṣe máa ń yí gbólóhùn, mo mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn àti èyí tí kò ní lò láéláé. Níbi tí mo bá ti ṣì í, ó ń gbé ìka kan sókè, mo ń padà. Ìka náà gbéra lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mo tún un kà, ó gbéra lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí itan. Mo gbà á sílẹ̀. Ó pé mọ́kànlélógójì.

Àláàdì, 19 Mèé

Lùkúmàn dé lánàá pẹ̀lú ọkọ̀ Gáyà, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó dì mọ́ Baba, ó wo ọrùn rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. N kò tíì rí i kó sunkún rí, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Láàárọ̀ yìí, ó ní òun ti rò ó. Ó ní mo ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún mi, ṣùgbọ́n kí n wá kọ́ òun ní kíkà rẹ̀, kí òun fi ohùn òun tún gbogbo rẹ̀ gbà sílẹ̀, kí á pa tèmi rẹ́. Ó yíjú sí Baba. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Baba?"

Baba kò mi orí. Ó dìde kúrò lórí awọ àgbò, ó di ògiri mú, ó sì fi ọwọ́ hàn mí pé kí n jókòó síbẹ̀. Kò sí ọmọ tó jókòó sórí awọ yẹn rí nínú wa. Ó tún tẹjú mọ́ mi, mo jókòó. Ó wá fi ìka han Lùkúmàn ní ẹní tó wà níwájú mi.

Lùkúmàn dúró. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, igbákejì lémọ́mù, ó sì fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń ṣàdúrà nínú pé kó má bínú jáde. Mo gbọ́ tó bọ́ bàtà. Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ró. Ó ká ẹsẹ̀ kò bí ọmọ kéú, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Ẹ kà á, mo ń gbọ́."

Mo wẹ̀yìn wò. Baba ti jáde sí àgbàlá, èmi nìkan ló wà lórí awọ.